Àwo Tí Olóògbé Fẹ́ràn Jù Lọ

Alágbàfọ̀ kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni, ayọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ a sì máa tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé aṣọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí wọ́n bá ti rí i pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń lọ ní àlọtúnlọ, wọn a gbé aṣọ wọn kalẹ̀, wọn a sì yára bá tiwọn lọ.

Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, àpá iná lára bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sì pọ̀ ju ibi tó ṣì dára lọ. Àwọn aṣọ tó ti fọ̀ kọ́ sórí irin láti ògiri dé ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi pínnì há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rùn. Òórùn ọṣẹ àti sítáàṣì kì í kúrò níbẹ̀, yálà ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó wà ní títì. Ògiri ẹ̀yìn tábìlì yìí ló pààlà ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé tí ẹnìkan bá sín ní pálọ̀, ẹni tó ń lọṣọ lè kí i pẹ̀lẹ́ láìgbé ohùn sókè.

Pálọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbọ́ orin ní ọ̀sán Sátidé. Iṣẹ́ wáyà ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orin tí wọ́n ń gbọ́ yìí, èèyàn kò lè jó sí i. Ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Ìkùukù ló kọ ọ́, ọkùnrin méjì tó ń to ìlù àti obìnrin kan tó ń kọrin. Tíríìpù-họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ìlù rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, béèsì rẹ̀ ń dún nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n á gé ègé orin àtijọ́ mọ́ ọn tòun ti ariwo wẹ́wẹ́ tí àwo gbígbó máa ń ṣe, obìnrin náà á wá máa kọrin lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ rojọ́. Àwo mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe. "Àtẹ̀gùn" ni àkọ́kọ́, "Eérú" tẹ̀ lé e, "Gíláàsì" ni ìkẹta. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ títí gbogbo èèyàn fi rò pé ó ti parí, kí wọ́n tó gbé "Yàrá Òfìfo" jáde, nígbà tí ohùn obìnrin náà ti gbó, tó sì ń há tó bá fẹ́ gòkè.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ àwo mẹ́rin kò lè pọ̀. Ọdún gbọgbọrọ ni wọ́n fi ń tò ó lé ara wọn lórí, wọ́n á tò ó, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò. Ta ni yóò ṣíwájú, ta ni yóò kẹ́yìn? Ṣé èèyàn lè fi "Gíláàsì" tí ariwo gìtá bò mọ́lẹ̀ wé "Eérú" tí fayolíìnì inú rẹ̀ ń mú àgbàlagbà sunkún? Wọ́n a máa pòṣé síra wọn, wọ́n a máa yínmú, ẹnìkan á gbé fìlà pé òun ò wá síbẹ̀ mọ́ láéláé, tó bá sì di Sátidé tó ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ dé.

Àbúrò Oníná ni ọ̀gá wọn nínú ìjà yìí. Wẹ́dà ni, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí iná iṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju irin tó ń gé lọ. Lójú tirẹ̀, "Àtẹ̀gùn" nìkan ló yẹ ní pípè ní àwo, àwọn yòókù kàn ń jẹ orúkọ mọ́ ọn lára ni. Ẹni tó máa ń kò ó lójú jù ni Oníbúrẹ́dì. Ó sanra, ohùn rẹ̀ kéré, ìyẹ̀fun kì í sì í kúrò nínú irun ojú rẹ̀. "Eérú" ni tirẹ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pẹ́, á kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ká ọwọ́ lé ikùn, kò sì sí ohun tí Wẹ́dà lè sọ tí yóò mú un mira.

Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ kì í bá wọn jókòó. Sátidé ni aṣọ máa ń pọ̀ jù, nítorí àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń lọṣọ, orin ń gba ara ògiri bọ̀ wá bá a, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń bá ìlù náà rìn tipẹ́ kó tó fura. Gbogbo wọn ń gbọ́ orin fún wákàtí díẹ̀, wọ́n sì ń fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ pariwo. Òun nìkan ló ń gbọ́ ọ láìsọ̀rọ̀. "Yàrá Òfìfo" ló wọ̀ ọ́ lára. Àwọn tó wà ní pálọ̀ ní ohùn olórin náà ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí òun ń gbọ́ ni obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ títí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí kò sì ní fi ìwọ̀nba agbára tó kù tu ẹnikẹ́ni lójú mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbé omi tútù wọlé fún wọn, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ máa jà," ó ní. "Èyí tó kẹ́yìn ló dáa jù."

Wẹ́dà wo ife omi, ó wo ẹni tó gbé e wá.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kàn sọ tèmi ni."

"Àwo tí ò ń wí yẹn, aṣọ ló dáa láti máa fi lọ. Nígbà táwa ń gbọ́ 'Àtẹ̀gùn', o ò tíì mọ ojú ọ̀nà ilé wa. Gbé omi kalẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oníná náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì dun Alágbàfọ̀ wọ egungun. Ó gbé omi kalẹ̀, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì lọ sòkòtò kan títí ó fi ń dán bí awọ bàtà.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Oníná wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì.

"Má bínú," ó ní. "Nínú gbogbo wa, ìwọ lo mọ orin yẹn gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni tèmi náà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Wọn ò ní jẹ́ kí n rímú mí."

Alágbàfọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí Wẹ́dà bá ń bú "Yàrá Òfìfo" lẹ́yìn ògiri, obìnrin yìí á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aṣọ tó ń lọ. Ó ní ohun tí Wẹ́dà kò ní.

Orí àkàbà ni Oníná wà nílé oníbàárà kan, tó ń fa wáyà lọ sókè àjà, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni dágbére. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wá láti ilé ọkọ rẹ̀ tó jìnnà, ó sunkún, ó gbá ilé, ó padà. Ó wá ku Alágbàfọ̀ nìkan pẹ̀lú aṣọ aláṣọ.

Ó rò pé orin Sátidé náà ti kú nìyẹn. Àfi bí Wẹ́dà ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó kí i lóréfèé, tó sì kọjá tààrà lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú bébà. Wọ́n gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdákẹ́jẹ́ inú pálọ̀ yẹn ti ń dẹ́rù bà á láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú, kò sì ní irọ́ tó lè fi lé wọn jáde. Ó lọ bu omi.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe òkú ní ẹlẹ́rìí. Tí àríyànjiyàn bá ti há, Wẹ́dà á ní, "Olóògbé sọ fún mi kó tó kú pé 'Àtẹ̀gùn' ni, kò sí èkejì." Oníbúrẹ́dì á mi orí, á ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi." Ọ̀rọ̀ á dà rú. Lẹ́yìn ògiri, Alágbàfọ̀ á máa fi ayọ́ọ̀nù tẹ kọ́là mọ́lẹ̀. Ó jóná lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀gá báǹkì kan, ó sì ní láti ra òmíràn dípò. Ó ka ìyẹn náà sí Wẹ́dà lọ́rùn.

Nígbà tí ó ń pé ọdún kan lọ tí Oníná ti kú, Wẹ́dà wá ní Sátidé kan pẹ̀lú nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé. Ó gbé e ti ògiri pálọ̀, ó sì pe Alágbàfọ̀ kó wá wò ó.

"Ojú oórì ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ wà láìlámì bẹ́ẹ̀ yẹn," ó ní. "Mo ti ṣe é. Lọ́la la ó gbé e lọ."

Ó tú àpò náà. Páànù irin tó nípọn ni, ó ti kùn ún ní dúdú. Orúkọ Oníná wà lókè, ó fi iná gé e, ó sì dára, èèyàn kò lè purọ́ mọ́ ọn. Lábẹ́ orúkọ náà, ó ya àtẹ̀gùn kan tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn, bó ṣe wà lára páálí àwo àkọ́kọ́ Ìkùukù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: ÀTẸ̀GÙN.

Alágbàfọ̀ wò ó títí.

"Kí ni èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn?" ó bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àwo tó fẹ́ràn jù láyé ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni. Ta ni ìbá tún sọ fún mi?"

Oníbúrẹ́dì tú ọwọ́ kúrò lórí ikùn. "Wẹ́dà, o ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè kó o tó gé irin. 'Eérú' ni Oníná fẹ́ràn. Nínú ọgbà mi ló ti sọ ọ́, níwájú ààrò, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́."

"Ó ń wá búrẹ́dì ọ̀fẹ́ ni," Wẹ́dà dáhùn.

"Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì," Alágbàfọ̀ sọ. "'Yàrá Òfìfo' ni. Ó sọ ọ́ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó sì ní kí n má sọ fún yín, torí ó mọ irú ẹnu tẹ́ ẹ ní."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ìyàwó, o ti wá ń pa irọ́ mọ́ òkú. Ṣé torí kò lè dìde kó já irọ́ rẹ ni?"

"Bọ̀dá, mi ò purọ́."

"Irọ́ lo pa. Àwo yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé e fúnra ẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ìwọ lò ń fẹ́ kí orúkọ rẹ wà lórí oórì rẹ̀. Omi lò ń gbé fún wa. Ẹni tó ń gbé omi kì í ṣe ará ẹgbẹ́."

Alágbàfọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo tó ń yí, ó sì yọ wáyà kúrò lára ògiri.

"Ẹ jáde nílé mi," ó ní.

"Ilé ta?"

"Ẹ jáde, Bọ̀dá. Ẹ gbé irin yín. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ àwo yẹn sórí ọkọ mi lọ́la, màá fi ọwọ́ mi hú u."

Oníbúrẹ́dì dìde, ó kó búrẹ́dì rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Wẹ́dà ò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo láti inú àpótí wọn, ó ń tò wọ́n sábẹ́ apá, ó ní nǹkan ẹ̀gbọ́n òun ni, òun kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ ọṣẹ mú un. Alágbàfọ̀ dì í mú. Wọ́n fa páálí àkọ́kọ́ náà láàárín ara wọn, àgbà ọkùnrin àti obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, èémí wọn nìkan ló ń dún. Páálí ya. Àwo bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá etí páànù irin tó fara ti ògiri, ó sì là sí méjì.

"Àtẹ̀gùn" ni.

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìdajì kan ní ọwọ́ kan, ìdajì kejì ní ọwọ́ kejì. Ó gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ó lè fi iná jó o mọ́ra. Alágbàfọ̀ wò ó. Nígbà tó ń sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun wá àánú nínú òun, òun ò rí i.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," Wẹ́dà sọ.

"Ìbá wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó dáhùn.

Wọn kò gbé irin lọ sí itẹ́ òkú ní ọjọ́ kejì. Ilé ẹ̀gbọ́n obìnrin tí wọ́n bí ṣáájú òun àti Oníná ni Wẹ́dà forí lé, ó sì ránṣẹ́ pe Alágbàfọ̀ síbẹ̀ pé kó wá wí tẹnu rẹ̀.

Àǹtí ni gbogbo wọn ń pe obìnrin náà. Ìdí fèrèsé ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ta tíkẹ́ẹ̀tì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìwà iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí èrò tò sí níwájú. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí nínú yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí Wẹ́dà ti gba àga.

"Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí," Àǹtí ní.

Wẹ́dà kò mọ ṣókí. Ó rò ó láti orí àwo fífọ́ dé orí omi tútù, ó rò bí wọ́n ṣe lé òun jáde nílé ẹ̀gbọ́n òun. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ sọ ohun kan ṣoṣo: pé ohun tí ọkọ òun sọ fún òun ni òun fẹ́ kí wọ́n kọ, tí wọ́n bá máa kọ ohunkóhun.

Àǹtí gbé ohun tó fi ń gé èékánná kalẹ̀.

"Lórí orin tó ń wọ́ bí ẹní tí wọ́n ń fà nílẹ̀ yẹn lẹ ṣe fẹ́ pa ara yín?"

Àǹtí gbọn èékánná gígé kúrò lórí aṣọ rẹ̀.

"Oníná ò fẹ́ràn ìkankan nínú ẹ̀."

"Irọ́ ni," Wẹ́dà ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Alágbàfọ̀ ní. Ohùn wọn ṣọ̀kan, ó sì ya àwọn méjèèjì lẹ́nu.

"Ìgbà tó wá tún wáyà yàrá yìí ṣe, rédíò mi ń lọ, wọ́n fi orin yẹn sí i. Ó ní kí n pa á. Ó ní ó ti ń fọ́ òun lórí, pé Sátidé kan ò lè kọjá kí wọ́n má fi gún òun létí. Mo ní kí ló dé tó ń jẹ́ kí wọ́n wá. Ó ní tóun bá ní kí wọ́n má wá, ibo ni àbúrò òun máa lọ? Ó ní níbi yòówù kí Wẹ́dà ti máa jà bẹ́ẹ̀ yẹn, wọ́n máa lù ú ni. Ó ní ìyàwó òun náà ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, pé tí orin bá ti dáwọ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ máa ń dúró." Ó tún mú irin èékánná. "Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ wọ́n lọ́kàn, ẹ kò mọ̀ wọ́n. Wẹ́dà dìde, ó ní Àǹtí kò gbọ́ dáadáa, pé etí rẹ̀ ti ń wúwo láti ìgbà tó ti wà ní ibùdókọ̀. Alágbàfọ̀ ní bóyá oorun ló ń kun Oníná lọ́jọ́ yẹn, pé ẹni tí iṣẹ́ ti sú lè sọ ohunkóhun. Wẹ́dà ní òótọ́ ni, ìyàwó sọ òótọ́, iṣẹ́ wáyà máa ń mú ojú èèyàn ro. Fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn ọ̀tá méjì yìí wà lẹ́yìn ara wọn, wọ́n jùmọ̀ dojú kọ obìnrin arúgbó kan tó ń gé èékánná.

"Ẹ ti parí?" Àǹtí bèèrè. "Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sórí irin. Wẹ́dà, lọ pa ìyókù rẹ́. Àwọn àwo tó kù, ibi tí ẹ̀rọ wà ni kí wọ́n wà. Ẹni tó bá máa tún bá mi sọ̀rọ̀ orin, kó má wá."

Wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀. Ní ẹsẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Wẹ́dà dúró. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Tó bá jẹ́ pé o ti dákẹ́ ẹnu rẹ ni," ó ní, "èmi ò ní gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lókè yẹn."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ ti béèrè kẹ́ ẹ tó gé irin ni," Alágbàfọ̀ dáhùn, "èmi náà ò ní gbọ́ ọ."

"Má pè mí ní Bọ̀dá mọ́."

"Mi ò pè yín."

Wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ló yẹ kí wọ́n jọ gbà.

Wẹ́dà fi ẹ̀rọ pa orúkọ àwo náà rẹ́, ó gbé irin lọ sójú oórì fúnra rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin wọn nínú ọgbà ilé búrẹ́dì, lórí fóònù tí wọ́n gbé sínú agolo kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń sọ fún Alágbàfọ̀ pé wọ́n ti fi "Yàrá Òfìfo" sí ipò karùn-ún nínú àwo mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún Wẹ́dà pé òun ń kí i, pé kó máa rọra fi agolo gbọ́ orin, kí etí má di.

Ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń bí i nínú. Òkú ò ṣe é bá jà. Láàárọ̀, tó bá ń po sítáàṣì, á máa bá a sọ̀rọ̀ láàárín eyín. O rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, o wá fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì mi, o sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. O sọ ti Wẹ́dà fún Wẹ́dà, o sọ ti Oníbúrẹ́dì fún Oníbúrẹ́dì. Èwo ni tìrẹ? Ó ro gbogbo ọ̀sán Sátidé tó ti kọjá wò, ó ro ọkùnrin kan tó jókòó láàárín ariwo tí kò fẹ́ràn, tó ń dúró kí ọjọ́ rọ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí ìrònú yẹn ń mú un fẹ́ sunkún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó kàn ń mú un fọ aṣọ le ni. Ó tilẹ̀ gbé "Yàrá Òfìfo" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́, torí kò mọ̀ bóyá orin náà ló fẹ́ràn, tàbí pé ẹnìkan ti bá a fọwọ́ sí i.

Nígbà tó tún gbé e sórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, kò sì ronú sí i púpọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó wà láàárín pálọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ohun tí kò ṣe rí nígbà ayé Oníná. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lú ohùn tó há. Alágbàfọ̀ dúró, ayọ́ọ̀nù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára. Kò sí ẹni tó ní kó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára gan-an ni.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń kó aṣọ iṣẹ́ wá síbẹ̀ wọlé bí orin náà ṣe ń lọ. Ọ̀dọ́bìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń yára bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó gbé àpò aṣọ kalẹ̀, ó tẹ́tí.

"Ìyá, Ìkùukù nìyí," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ wọn."

"Mo ń gbọ́ wọn."

"Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. 'Gíláàsì' ni mo fẹ́ràn."

Kò sí ẹni tó tíì fi "Gíláàsì" síwájú rí, kódà Wẹ́dà àti Oníbúrẹ́dì, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, gbà pé kò lè ṣíwájú. Alágbàfọ̀ gbé ayọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Kí ló wà nínú 'Gíláàsì' tó yàtọ̀ sí ariwo?"

"Ariwo náà ni mo fẹ́."

"O ṣì kéré. Gbé aṣọ rẹ síbẹ̀ yẹn, kó o máa lọ."

"Ìyá, ẹ ò tíì gbọ́ ọ dáadáa ni."

"Èmi? Èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa?"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹlòmíràn ìbá ti sá. Nọ́ọ̀sì yìí fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé ní wọ́ọ̀dù tí òun ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn tó ń kú ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn dókítà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tóun bá wá jáde síta, òun fẹ́ kí ẹnìkan bá òun pariwo. Alágbàfọ̀ ní ìyẹn kò sọ ọ́ di orin. Ó lọ mú "Gíláàsì" wá láti pálọ̀ kó lè fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn án. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní, wọ́n jiyàn lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní gìtá ibẹ̀ yẹn ń sunkún, Alágbàfọ̀ ní eyín ló ń dùn ún. Omi tó gbé kaná fún aṣọ funfun tutù nínú bàsíà. Àwọn oníbàárà méjì yọjú, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n sì padà.

"O ò mọ nǹkan kan," Alágbàfọ̀ sọ nígbà tí ọmọbìnrin náà dìde.

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n," Nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì bọ́ síta kíákíá.

Alágbàfọ̀ há nọ́ńbà mọ́ àwọn aṣọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó fọ̀ wọ́n tinútinú, ó lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi dúró bíi páálí, ó sì to gbogbo èsì tó gbàgbé láti sọ jọ sórí ahọ́n. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tún dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìkíni kò tíì parí tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.